Mo Jókòó sí Etí Kànga, Mo Ń Dúró De Èsì Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, eyín àbíkẹ́yìn rẹ tó ń mì nígbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín, ṣé ó ti yọ? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá yín ti dín ariwo kù? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kí ohun tí o bá fọwọ́ lé di rere, kí o má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gbogbo àdúrà tí mo máa ń ṣe fún ọ láàárọ̀ nílé ni mo ń ṣe níbí náà, mi ò fo ìkankan nítorí pé mo wà lókè òkun. Èmi náà wà, ara mi le, àfi ìtan mi tó ń ro mí díẹ̀díẹ̀ bí òjò bá ṣú.

Ní ti ilé, àbúrò mi obìnrin ti kó wá sí yàrá ìyá rẹ kó lè máa bá mi ṣọ́ ibẹ̀. Ewúrẹ́ funfun ti bí méjì kí n tó kúrò, ọ̀kan nínú wọn ń jọ káfíńtà tó wà lójúde wa, bó bá ń jẹun, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń wo èèyàn. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ní òun máa bá wa tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe, ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn lọ́rọ̀ ilé.

Mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo lo ń wá nínú lẹ́tà yìí, ìyẹn ni pé ṣé mo ti wọ inú kànga. Mi ò tíì wọ̀ ọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti ka ìyókù. Ìwọ lo san owó ọkọ̀ òfuurufú mi, ìwọ lo kọ fọ́ọ̀mù mi, ìwọ náà lo sì mú mi búra ní pálọ̀ rẹ lójú ọkọ rẹ pé ìka nìkan ni màá máa fi tọ́ka, pé mi ò ní sọ̀kalẹ̀ sínú kànga kankan, nítorí okùn tó já mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún méje sẹ́yìn tí wọ́n fi fi irin sí mi nítan. Mo búra. Ọdún mẹ́fà rèé tí ẹnikẹ́ni ti pè mí sí iṣẹ́ kànga gbẹ̀yìn, láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ ti dé, nítorí náà nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni yìí ní àwọn ń wá ẹni tó mọ kànga ọwọ́ gbẹ́, bí o bá ní kí n búra pé mi ò ní mí mọ́, ǹ bá búra.

O rántí pé àwọn ẹgbẹ́ ti ṣáájú mi lọ lọ́jọ́ Ajé nítorí pé ìwé àṣẹ tèmi pẹ́ kó tó jáde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí èmi náà dé pápákọ̀ òfuurufú, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí kò ní pákó, férémù lásán ni, gbogbo èèyàn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò fọhùn. Ó kàn mí, ó figbe ta. Mo padà, mo tún wọlé, ó tún figbe ta. Obìnrin tó dúró tì í wá ń fi ọ̀pá kékeré kan wo ara mi láti ọrùn wálẹ̀, nígbà tó dé ìtan mi òsì, ọ̀pá náà ké. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, mo ní dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lo ọjọ́ méjì kó tó mọ ibi tó kán, ẹ̀rọ yìí kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀, ṣé irin náà ti ń dípẹtà ni. Ó ní òun kì í ṣe dókítà. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọṣẹ́ kì í fọ́nnu. Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ ọ, inú sì bí wọn púpọ̀, mo rò pé sí ẹni tó ta okùn náà fún mi ni.

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi bẹ́líìtì dè wá mọ́ àga, a jókòó wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Mo sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé ṣe ni àwọn èèyàn ń ba ọkọ̀ yìí lórúkọ jẹ́, kò mì, kò fì, ẹni tó ń wà á mọ ohun tó ń ṣe. Ó wò mí títí. Ó ní a ò tíì kúrò nílẹ̀, wọ́n ń tún nǹkan kan ṣe lára ẹ́ńjìnnì ni. Ojú tì mí díẹ̀. Nígbà tó wá gbéra lóòótọ́, mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìlú tí mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀ kejì, níbi tí a gúnlẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́rú, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. O mọ̀ pé ìyá mi kìlọ̀ fún gbogbo wa pé bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó ń pè é, kó panu mọ́, bí mo sì ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, àfi bí ohùn obìnrin kan ṣe jáde láti inú àjà. Èdè tí mi ò gbọ́ ló ń sọ, àmọ́ láàárín rẹ̀ mo gbọ́ orúkọ mi, orúkọ bàbá mi ló fi ṣíwájú. Mo wòkè, mo wọ̀tún, mo wòsì, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo panu mọ́. Ó tún pè mí. Mo di etí. Ìgbà tó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti le, ni mo bá dìde, mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ó fi sú u. Nígbà tí mo jáde, inú mi dùn pé mo bọ́. Ọkọ̀ òfuurufú mi náà ti lọ.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀ fọwọ́ ṣàlàyé títí, kò yé mi, ló bá lọ pe ọkùnrin agbálẹ̀ kan tó gbọ́ èdè wa díẹ̀. Ọkùnrin náà ní èmi ni wọ́n ń pè kí n wá wọkọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹni tó ń pè mí kò fi jáde kí n rí ojú rẹ̀. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, òun náà kò rí i rí. Ìwọ náà wá wò ó.

Ọkọ̀ tó ń lọ síhà ibí kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n fún mi ní yàrá tí kò ní kọ́kọ́rọ́, páálí kékeré kan ni wọ́n fún mi. Mo rò pé ìwé ẹ̀rí pé mo ti wọlé ni, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí kó má bàa sọnù, mo jáde, ilẹ̀kùn tì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tọ́jú páálí náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Lójúmọ́, mo máa ń padà lọ sí gbọ̀ngàn, gbogbo ìgbà tí ohùn inú àjà bá sì ti sọ̀rọ̀, mo máa ń dìde lọ bá ọmọbìnrin ìdí tábìlì pé èmi nìyí. Mo jẹ́ ìpè tó ogójì lọ́jọ́ kan, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi. Nígbà tó yá, ó gbé àga fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fún mi ní bisikíìtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀run, ọkọ̀ kò lè gbéra, ó di ọjọ́ Àìkú kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́.

Mo gúnlẹ̀, àpò irinṣẹ́ mi kò gúnlẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ sí ìlú mìíràn, ìlú tí mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gùn ju ìka mi lọ, mo kọ ti ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fún mi nígbà tí mo gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, mo yí i sẹ́yìn, mo kọ ti díígà, mo tọrọ bébà sí i, mo kọ ti okùn. Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ iye tó tó, mo kọ ọ́ pé kì í ṣe títà. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi kà á títí dé ìparí, ó sì dá mi lójú pé wọ́n á rí i.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ kò lè dúró dè mí, ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì ló gbé mi dé abúlé yìí lọ́jọ́ Ajé, funfun báláú ni mo sọ̀kalẹ̀. Òní ni ọjọ́rú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo wa ń padà sílé.

Olórí wa, tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé àga fún mi, ó fi agbòòrùn bò mí lórí, ó fún mi ní fìlà tí wọ́n kọ Olùdámọ̀ràn sí. Ó fi fọ́ọ̀mù hàn mí níbi tí o kọ ọ́ sí nísàlẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí n wọlé. O fa igi sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i.

Wọ́n ti gbẹ́ kànga náà kí n tó dé, ó ti jìn tó kí èèyàn mẹ́rin gun orí ara wọn, kò sómi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mò ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rù kì í ba ọmọ náà, ó sì lágbára. Mo ní kó fi kòròbá gbé erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè fún mi. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi wà níbẹ̀, ọmọ mi. Kò jìnnà rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń wá a lọ. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà. Mo pariwo sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé ẹsẹ̀ wo ló tutù jù. Ó ní bàtà wà lẹ́sẹ̀ òun. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó ní méjèèjì ló tutù. Wọ́n gbẹ́ ọ̀tún lánàá, kò sí nǹkan kan, wọ́n gbẹ́ òsì láàárọ̀ yìí, kò sí nǹkan kan. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì sínú kànga láti etí rẹ̀, mo sì bi tíṣà bóyá ìyẹn ti di wíwọlé. Ó ní ó kù díẹ̀ kó di bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá sómi títí di ọ̀la, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa dí i, nítorí wọn kò lè fi ihò sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kó jìn sí i. Wọ́n ní àwọn á fi ọjọ́ tó kù kun ilé ìwé lọ́dà. Ìyá arúgbó kan wà níbí tó máa ń gbé kòròbá wá láràárọ̀, á bẹ̀rẹ̀, á wo inú kànga, á tún gbé kòròbá rẹ̀ gba ọ̀nà odò lọ, odò náà sì jìn. Kò sọ nǹkan kan fún wa rí. Láàárọ̀ yìí ó kí mi kú iṣẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ ni. Mo wà lórí àga. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, nǹkan kan kò tíì dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo lè wọlé kí n má sọ fún ọ. Lọ́sàn-án àná gbogbo wọn lọ jẹun, èmi àti kànga nìkan ló kù. Mi ò ṣe é. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Tíṣà ní kí n pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá, bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, wàá sunkún, èmi á sì gbà pé kí wọ́n dí i. Ó ní bí mo bá kọ ọ́, òun á ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó dìde. Mo ní kó ya iwájú, kó ya ẹ̀yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó, ẹ̀yìn ló wà.

Òun nìyí. Jọ̀ọ́, dá ìbúra mi padà fún mi, ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o kọ ránṣẹ́ sí tíṣà, pé kí n wọlé. Bí o bá kọ̀, mi ò ní bínú sí ọ, ìwọ lo wẹ̀ mí, ìwọ lo gbé mi rìn fún oṣù méjì tí mi ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, o ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Màá jókòó sórí àga mi títí wọn ó fi dí i tán.

Bí o bá sì gbà, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́run á fi ìlọ́po rẹ̀ dá ọ lóhùn, àwọn ọmọ tí o bí á tọ́jú rẹ bí o ṣe tọ́jú mi, o ò ní fi ojú sunkún wọn, ilé rẹ á tutù, ọ̀nà rẹ á là. Okùn tí wọ́n ń lò níbí kò ju okùn tí a fi ń sá aṣọ lọ, tèmi sì ti bá àpò lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta èyí tó nípọn, mo ti lọ fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Màá ní kí tíṣà ya òun náà ní fọ́tò, láti orí dé ìdí, kí o yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó so ó mọ́ra.

Èmi ni bàbá rẹ,
Agbẹ́kànga.