Ìdí Tí A Kò Fi Gba Ilé Ńlá Brampton

Bàámi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Toronto, mo sì kí Màámi, tí mo mọ̀ pé wọ́n ń ka lẹ́tà yìí láti ẹ̀yìn èjìká yín. Ẹ kú òjò. Níbí, yìnyín ti yọ́ tán, ewé ti ń yọ lára igi, inú mi sì ń dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. A ti rí ilé! Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù, nítorí kì í ṣe ilé tí ẹ ti ròyìn fún gbogbo ará Ìgbẹ̀ìn.

Ilé tí Ẹ̀gbọ́n Délé bá wa rí ní Brampton dára, n kò ní parọ́. Ó ní òkè àti ìsàlẹ̀, ó ní àgbàlá tí a lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin wà nítòsí. Ọmọ Aké ni ọkùnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì, ó sì ti ń pè mí ní àbúrò kó tó mọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n Délé ní kí ni mo tún ń wá, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n gbé Olúmọ wá síbẹ̀ ni?

Ibi iṣẹ́ mi ló jìnnà síbẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin tí a ti wà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Délé ní àdúgbò yẹn kan náà, bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú irin kan ni mo ń wọ̀ dé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ní Scarborough, apá kejì ìlú. Mo ń jáde kí Mofẹ́ tó jí, oorun á sì ti ń kùn ún nígbà tí mo bá wọlé. Ní Sátidé kan, mo bu oúnjẹ fún un. Ọmọ ọdún márùn-ún yìí ní kí n dúró ná, òun fẹ́ lọ bi Dádì bóyá òun lè jẹ oúnjẹ tí mo sè. Wálé ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin ni mo rántí, Bàámi. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Kútọ̀ ni ẹ ń wọ̀ lọ sí Èkó ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kí àwa lè gbé nínú ilé tiwa. Nígbà tí tíṣà Sunday School bi mí ní orúkọ bàbá mi, mo ní Bàbá Sunday ni, torí ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ń rí yín dáadáa. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Màámi sọ fún yín. N kò bi yín rí bóyá ó dùn yín.

Nígbà tí mo fẹnu bà á lórí fóònù pé ojú mi wà ní Scarborough, ẹ ní ọ̀nà jíjìn kò pa ẹnikẹ́ni, pé ìwé ìròyìn ni ẹ máa ń kà tán kí ọkọ̀ tó kọjá Ìtórí. Ẹ tún ní ta ni yóò máa bá Mofẹ́ sọ Yorùbá láàárín àwọn àjèjì? Èmi ni, Bàámi. Ní Brampton tí Yorùbá kún fọ́fọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Délé fi ń dá Mofẹ́ lóhùn.

Àjà kọkànlá ilé gíga kan ní Scarborough ni ilé tuntun yìí wà, yàrá méjì ni. Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, ìyá àgbà kan tí wọ́n bí ní Sri Lanka wọ lífítì bá wa. N kò tilẹ̀ rò ó, mo ti fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ìyá yìí ké, wọ́n di apá mi mú, wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣubú. Kí a tó wo ilé tán, wọ́n ti kanlẹ̀kùn, wọ́n gbé ike ìpara kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi pa orúnkún náà, òtútù ìlú yìí ló ń fà á. Mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Wọ́n ní níbi tí wọ́n bí àwọn, ẹsẹ̀ àgbà ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Wọ́n ní kí n máa kúnlẹ̀ mi lọ, kí n sì tọ́jú ìpara náà síbẹ̀.

Ará Gánà kan ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ó ń ta láfún, ó ń pè é ní kokonté. Ó ní tiwọn ni. Mo ní Ẹ̀gbá ni mí, kó má bá mi jiyàn láfún. Ó fi kún un fún mi.

A ti tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n Délé ń bínú, wọ́n ní mo fi ilé sílẹ̀ lọ gbé inú àpótí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ má rò pé mo ń bá yín ṣẹjọ́. Ilé Ìgbẹ̀ìn ló gbé wa dé yunifásítì. Èmi kàn ní àǹfààní láti yan èyí tí ẹ̀yin kò lè yàn ni.

Ẹ kí Bọ̀dé àbúrò mi, ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin àti Màámi ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, ẹ ó sì wá wò wá. Ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ̀ láti ibi iṣẹ́, aago mẹ́rin ni mo sì ń ṣíwọ́. Ọjọ́ yòówù kí ẹ dé, ẹ ó bá mi nílé.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́