Alhaja Àwẹ̀ró Mùnírù, Ìyá Tó Dìde Níwájú Ọba Orí Ìtàgé (1951–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Alhaja Àwẹ̀ró Mùnírù ní Cow Lane, ní àárín ìlú Accra. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni bàbá wọn, Olóògbé Raji Àlàmú, tó ń ta àwo àti ìkòkò irin. Ọmọ Ìnísà ni ìyá wọn, Olóògbé Adùnọlá. Alhaja Àwẹ̀ró ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún.

Wọ́n lọ sí ilé-kéú nínú àgbàlá ilé wọn, wọ́n sì kàwé ní ilé-ìwé ìjọba títí di ọdún 1967. Èdè Gá, èdè ìbílẹ̀ Accra, yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu débi pé àwọn aládùúgbò a máa gbàgbé pé ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ni wọ́n. Ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn òbí wọn kó gbogbo ilé sínú ọkọ̀ ẹrù, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí Màmá kò dé rí. Màmá kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀sẹ̀ méjì náà fún ọmọ wọn kankan.

Ní ọdún 1972, wọ́n fẹ́ Olóògbé Alhaji Mùnírù Àkànbí, tó jẹ́ télọ̀. Ọdún 1975 ni tọkọtaya padà sí Accra, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò Madina níbẹ̀. Ọjà Odawna ni Màmá ti ta òkìrìkà fún ogójì ọdún ó lé. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1998. Ní mọ́ṣáláṣí wọn ní Madina, àwọn ni wọ́n ń wẹ òkú obìnrin, ti olówó àti ti ẹni tí kò ní ẹbí.

Èyí tó kàn ni ẹbí kò mọ bí wọn yóò ṣe kọ ọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, ọkùnrin olùdarí eré kan, Fatawu, wá sí ìsọ̀ Màmá. Ó ń wá aṣọ gbígbó fún eré àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní gbàgede ìtàgé tí kò ní òrùlé, nípa ọba tó pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò kúrò ní ìlú òun kí oòrùn tó wọ̀. Màmá bi í pé àwọn wo ni yóò wọ aṣọ náà. Ó ní àwọn àlejò ni, àgbàlagbà inú wọn kò sì tíì pé. Kí ó tó di aṣọ rẹ̀ tán, Màmá ti gbà láti jókòó láàárín wọn.

Suhaib, àkọ́bí wọn, tó ń kọ́ni ní ilé-kéú, gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Ó bá wọn nílé.

"Ìyá, ẹni tó ti dé Mẹ́kà kì í gun orí ìtàgé."

"Mo kàn fẹ́ jókòó ni, Suhaib. N kò ní sọ̀rọ̀. Ṣé ìjókòó náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ eré, Suhaib kírun alásárì tán, ó wọ trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, láti lọ mú wọn wálé. Eré ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó débẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn láti dúró de ìsinmi. Yusif, ẹni tó ṣe ọba, ka àṣẹ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí eré ṣe wà nínú ìwé, kí àwọn àlejò gbé ẹrù wọn, kí wọ́n jáde láìfọhùn ni. Gbogbo wọn dìde, wọ́n gbé e. Màmá dìde, wọn kò gbé tiwọn. Wọ́n rìn tọ ọba lọ, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá:

"Kábíyèsí, ẹ ní kí n máa lọ sílé. Ilé wo? Ìhín ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́. Ibi tí ẹ ń nawọ́ sí yẹn, n kò mọ ẹnu ọ̀nà kan níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó kàn pòórá lẹ́nu Yusif. Ó wo Fatawu, Fatawu ń tú ìwé eré. Àwọn òǹwòran rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Suhaib rí i pé òun náà ti wà lórí ìdúró, kò mọ ìgbà tí òun dìde, kò sì mọ̀ bóyá ojú ló ń ti òun ni.

Nínú trotro, ó bi wọ́n pé, "Ìyá, ta ni ẹ ń bá wí?"

Màmá ní àwọn kò rántí pé àwọn sọ̀rọ̀. "Ṣé mo pariwo?" Wọ́n sì sọ fún méètì tó ń gba owó ọkọ̀ pé àwọn fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Suhaib pe Mísbáù, àbúrò Màmá, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti bi í nípa ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mísbáù ní lóòótọ́, Màmá ni bàbá wọn rán lọ bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá ní 1969 nítorí Gá tó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n dé iwájú rẹ̀, ẹnu kò ṣí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè padà. Ó ní ó lè jẹ́ ìyá àwọn ló lọ, ó ti pẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù nínú eré náà. Fatawu fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Màmá, Suhaib sì ń lọ jókòó síwájú lójoojúmọ́. Ọba á pàṣẹ tán, á máa retí ọ̀rọ̀ náà. Màmá á gbé ẹrù wọn, wọn á tẹ̀ lé àwọn yòókù. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, Yusif sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó bá wọn gbé ẹrù náà rù. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Fatawu bi Màmá pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹrù náà wúwo ni.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí Màmá wà lórí àìsàn, Suhaib tún béèrè ẹni tí wọ́n ń bá wí. Màmá ní, "Ìwọ ni alfa. Bí ẹnu bá jíṣẹ́ tí ọkàn kò rán an, ta ni Ọlọ́run yóò bi?" Suhaib ti ṣí ìwé, ó ti bi àwọn àgbà. Kò tíì rí i.

Alhaja Àwẹ̀ró jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n sì sin wọ́n sí Madina lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Suhaib, Sherifa àti Bushrah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ìyàwó ilé, àna, àti àbúrò wọn Mísbáù.

Àwẹ̀ró, ọmọ Ajílété, kí ilẹ̀ Accra rọ̀ yín lára. Kí Ọlọ́run fi Alujánnà ṣe ilé yín, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ní kí ẹ palẹ̀ mọ́. Ẹ sùn ire, Màmá. Àmín.