Akẹtẹ̀ Tí Ìwé Ìròyìn Kò Kọ

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹta

Ó rẹ̀ mí; ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wú. Ní kíláàsì àwa àgbà lónìí, Olùkọ́ Kékeré — Nereida, tí kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ — mú ìwé ìròyìn àtijọ́ wá. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi, Leoncio, bá àwọn tó ń gé ìrèké sọ ní oko San Telmo ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo kà á sókè: "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Ẹ máa lọ sílé ní ìrọ̀rùn."

Ohun tí mo kọ́kọ́ kà délẹ̀ láyé mi nìyẹn!

Baudilio, tí a jọ wà ní kíláàsì, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Vigis, akọni bàbá rẹ rèé? Ó kù kó nu bàtà ọ̀gá."

Orúkọ bàbá mi, tó darí ìdaṣẹ́sílẹ̀ oko náà, ni wọ́n fẹ́ fi sọ ilé-ìwé tuntun. Ìgbìmọ̀ ìlú á jókòó lé e lórí ní Ẹtì. Nítorí ìwé ìròyìn yìí, wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n wá orúkọ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mi ò jáde. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 8

Mo lọ bá Olùkọ́ Kékeré. Mo ní sójà mẹ́rìnlá gbé ìbọn dúró níbi tí bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹni tó ń gé ìrèké kì í dé akẹtẹ̀ níwájú ọ̀gá — ẹni tó bá gbàgbé, wọ́n á lé e níṣẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, mo wà léjìká màmá mi, mo rí i. Bí bàbá mi ṣe ń dúpẹ́, ó gbé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́rí. Gbogbo ọkùnrin dé tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, àdá kankan ò kan ìrèké.

Ó ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni yín. Ta ló tún rí i?"

Òwe wá sí mi lẹ́nu: bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo gbé e mì. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́bọ̀, 9

Kọfí nìkan. Mi ò fọwọ́ kan búrẹ́dì pákí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ń wo ìwé ìròyìn, wọn ò wo ojú mi.

Baudilio dìde. Bàbá tirẹ̀ ló ń bá ọ̀gá ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà. Òun jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní, "Bàbá mi wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun. Ó ní, 'Leoncio ti dé akẹtẹ̀. Iṣẹ́ parí lọ́la.'"

Orúkọ bàbá mi dúró.

Mo bi í níta pé, ẹ̀gbọ́n, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi mí ṣẹlẹ́yà? Ó ní, "Ìtìjú bàbá tèmi ni mo ń fi ẹ̀rín bò."

Olùkọ́ Kékeré fún mi ní kálámù. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi kọ ohun tó kù sábẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi nínú ìwé ìròyìn náà, fún ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn wa. Lẹ́tà wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà:

Sójà mẹ́rìnlá wà níbẹ̀. Ó dé akẹtẹ̀.