Fọ́tò Ẹnu Ọ̀nà Ọgbà

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ara tèmi dá ṣáṣá. Ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òjò ì báà rọ̀, ẹ máa wá sí ọgbà ìṣeré yìí ni.

Mo ti gba yàrá fún yín ní òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Kí Màmá sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n má baà já bọ́. Èmi ńkọ́? Má yọ ara rẹ lẹ́nu, mo ríbi fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n á gbé kéèkì wá fún yín lọ́sàn-án. Ẹ gé e, ẹ má dúró dè mí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa rí ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa, tó ń ya àwọn àlejò ní fọ́tò. Èmi ni. Kí àwọn ọmọ má pariwo "Dádì" o! Ọ̀gá wa ò fẹ́ kí ẹbí wá kí wa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ṣáà wo kámẹ́rà, kí ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Tí mo bá ní fọ́tò náà ò dára, pé ká tún un yà, ẹ má jiyàn. Tí mo bá tún sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ṣì dúró.

Bá mi kí Màmá. Ẹ kú ìmúra o.

Ọkọ rẹ