Wassiou Di Méjì Ní Manigri

Wassiou ọmọ mi, Àlàó ọkọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò mú ọ lẹ́yìn jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkun Kútọnu yẹn mọ orúkọ rẹ. Kassimou aránṣọ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti mú un búra kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Djamilatou àbúrò rẹ bí ọmọbìnrin, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú wa jẹ fìlà ìmáàmù, a ti bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, àyà mi kò já tó báyìí rí. Nígbà tí wọ́n pè wá sí bírò kòmáńdà ní Bassila láti kà wá, mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sókè ilẹ̀kùn. Mo bi ògbufọ̀, ó ní ìkíní ni pé ẹnikẹ́ni kì í ṣe ẹrú, ìkejì pé kò sí ẹni tó ju ẹnì kejì lọ, ìkẹta pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ènìyàn. Ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ náà nìyẹn, àmọ́ òfin òyìnbó kì í sí kí ẹ̀wọ̀n má wà nídìí rẹ̀, mo wá rò ó pé ẹni tó bá kọ ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọn yóò máa mú. Wọ́n tún fi tàdáwà kun àtàǹpàkò mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n ní ìwé náà ń lọ sí Faransé. Láti ìgbà náà ló ti ń yún mi, àfi bí ẹni pé wọ́n ń họ ọ́ lọ́hùn-ún.

Kò pé oṣù kan, ọkùnrin kan já wọ ilé mi láti inú igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò gbọ́ èdè wa, kò sì gbọ́ Anii tí àwọn ará Bassila ń sọ. Mamadou ló ń pe ara rẹ̀. Ó fọwọ́ júwe fún mi pé òun sá níbi iṣẹ́ ọ̀nà Pénéssoulou tí ìjọba ń fipá kó ènìyàn ṣe. Mo fún un lómi, mo gúnyán fún un. Kí ni kí n ṣe? Òfin wà lókè ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì ti jẹ iyán ẹni, a kì í fà á lé gáàdì lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, gáàdì dé pẹ̀lú ìwé àti okùn, ó bi mí pé ta ni eléyìí. Mo ní ọmọ ìyá ni gbogbo ènìyàn, kó lọ wo ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀. Yéè! Ojú tó fi wò mí, bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. Ó jọ pé kò gbójú sókè wo ilẹ̀kùn yẹn rí. Ó ní orúkọ lòun ń bèèrè. Ìwé rẹ̀ sì sọ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ni mo bá ní Wassiou ni, ó dé láti Kútọnu, àìsàn ló jẹ́ kó yadi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Kòmáńdà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ìwé wo ojú kálukú wa. Nítorí náà, jọ̀wọ́, má wálé fún Iléyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pé ọdún méjì tí mo ti rí ọ. Bí wọ́n bá rí Wassiou méjì, a gbé nìyẹn. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ àti ṣòkòtò kan fún Mamadou, tìrẹ tó wà nílé kò kọjá orúnkún rẹ̀, ó sì ń jẹun jù ọ́ lọ.

Má bínú sí mi. Bí kòmáńdà bá ní kí n fi ọmọ mi hàn, Mamadou ni n ó nawọ́ sí. Bí mo bá sẹ́ ọ lónìí, ìyá rẹ náà ni n ó jẹ́ lọ́la. Bí mo bá sẹ́ òun, ta ló kù fún un?

Wassiou, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní Kútọnu, á sì ṣọ́ ọ ní Manigri.

Èmi ìyá rẹ,
Rabiatou