Orúkọ Tó Wà Ní Àyè Ìyá

Ìsọ̀ Ìránṣọ,
Ìsàlẹ̀ Ilé Alájà Mẹ́ta,
Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Àgùdà,
Òpópónà Ilé Ìwòsàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YỌ ORÚKỌ MÀRÍÀ WÚŃDÍÁ KÚRÒ NÍ ÀYÈ ÌYÁ NÍNÚ FỌ́Ọ̀MÙ ỌMỌ KÍLÁÀSÌ KẸRIN

1. Èmi ni mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún bí ìdajì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ lè má mọ̀ mí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọmọ tí ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ gún régé, ọwọ́ mi ni. Ìyàwó bíríkìlà tó mọ ògiri ọgbà yín ni mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wà ní kíláàsì kẹrin. Ẹyinjú là ń pè é nílé. Ìyá tó bí i kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó sì ti di ọmọ ọdún mẹ́fà kí èmi tó dé. Àǹtí ló ń pè mí.

2. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìyá rẹ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú yín. Nínú ìjọ tiwa, a kì í gbé ère sínú ilé Ọlọ́run, a kì í sì í gbàdúrà sí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Ọlọ́run, nípasẹ̀ Ọmọ rẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún Màríà. A mọ̀ pé òun ló bí Jésù, ṣùgbọ́n bíbí tó bí Jésù kò sọ pé òun ló bí gbogbo wa. Síbẹ̀, bàbá ọmọ ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó wà lórí àìsàn pé ilé-ẹ̀kọ́ yín ni ọmọ náà yóò lọ. Mo fara mọ́ ọn. Mo mọ ohun tó wà nínú ilé náà kí n tó wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò bò mí lójú.

3. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tẹ bàbá Ẹyinjú láago pé ara ọmọ náà gbóná. Orí àkàbà ló wà níbi iṣẹ́, ó sì ní kí n bá òun sáré lọ mú un. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, mo ki eré mọ́lẹ̀. Tẹ́èpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo dé ọ́fíìsì yín.

4. Akọ̀wé yín, tí mo gbọ́ pé kò tíì lo oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́, béèrè bóyá èmi ni Màríà. Mo ní rárá. Ó ní ìyá ọmọ tàbí bàbá rẹ̀ nìkan ló lè mú un lọ, pé òfin ni òfin. Ó wá yí fọ́ọ̀mù sí mi kí n fi ojú ara mi rí i. Ní àyè orúkọ ìyá, wọ́n kọ Màríà. Ní àyè iṣẹ́ ìyá, wọ́n kọ Ayaba. Ní àyè ibi tí a ti lè rí i, wọ́n kọ Ilé-ìjọsìn Ilé-ẹ̀kọ́. Akọ̀wé náà rò pé obìnrin kan tó ń tọ́jú ilé-ìjọsìn ni. Ó ti rán ènìyàn lọ pè é lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé, ìránṣẹ́ náà sì padà wá jíṣẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi ère.

5. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo wá ara mi nínú fọ́ọ̀mù náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ara mi, ní àyè àwọn mìíràn tó ń gbé inú ilé. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: Àǹtí, aránṣọ, ó ń bá wa gbé. Ológbò wa ni wọ́n kọ sí ìlà tó wà lókè tèmi.

6. Mo ti ṣe ìwádìí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ wọn ló ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn kún fọ́ọ̀mù náà, kí ó lè jẹ́ iṣẹ́ ìkọ̀wé. Ọkọ mi fọwọ́ sí i lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò irinṣẹ́ léjìká, láìlo awò ojú. Ọ́fíìsì yín lu òǹtẹ̀ lé e. Bí àgbàlagbà mẹ́ta ṣe gbà pé Màríà Wúńdíá ni kí a ránṣẹ́ pè bí ara ọmọ kò bá yá nìyẹn. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí ọmọ náà sùn lé mi nítan, tí ara rẹ̀ ń jó mi gba inú aṣọ. Nígbà tí ọkọ mi dé tòun ti sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́, wọn kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

7. Sístà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wá bẹ̀ mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹ kì í bọ Màríà, pé ẹ kàn ń sọ fún un kí ó bá yín gbàdúrà ni, bí ènìyàn ṣe ń sọ fún aládùúgbò. Ó ní Màríà kì í bá ẹnikẹ́ni du ipò. Ẹnu Sístà dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n n kò rí aládùúgbò tí ọmọ ilé mi ń kí ní Màmá kí ó tó kí mi ní òwúrọ̀. Àwòrán rẹ̀ tí ẹ fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀yìn yúnífọ́ọ̀mù Ẹyinjú ya. Mo rán an nígbà tó ń wẹ̀. Ó jáde, ó rí i pé ó ti di odidi, ó kọjú sí àwòrán náà, ó ní ẹ ṣé, Màmá. Ọwọ́ mi sì ni abẹ́rẹ́ wà.

8. N kò ní fi ẹ̀kọ́ ìsìn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún yín. Òótọ́ ni pé n kò gba ère gbọ́, ṣùgbọ́n owú ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Mo ń jowú. Obìnrin tó bá ní orogún lè bá a jà, wọ́n sì lè parí ìjà. Orogún tèmi kì í fèsì. Kì í gbó, kì í rẹ̀ ẹ́, aṣọ rẹ̀ kì í ya, kò sì jágbe mọ́ ọmọ rí nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ní ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹyinjú kì í ṣe ọmọ ọ̀ràn, èmi kọ́ ni mo sì bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló gùn dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ gbóná náà.

9. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ orúkọ Màríà kúrò ní àyè ìyá, kí ẹ kọ tèmi síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí olùkọ́ sọ fún un ní gbangba pé ìyá Jésù kì í ṣe ìyá rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gba àwòrán yín padà.

10. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ èyí tó wà lókè. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń kọ ìyókù, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ fọ ẹ̀wù Ẹyinjú, mo sì bá ìwé kan tí a ká sí mẹ́rin nínú àpò rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni olùkọ́ ń kọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì ní ẹni tó bá fẹ́ lè fi tirẹ̀ sí ẹsẹ̀ ère Màríà nínú ilé-ìjọsìn. Àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì pé síbẹ̀, ọjọ́ pé síbẹ̀. Mo da ìyókù kọ fún yín bó ṣe wà:

"Ẹ̀yin Ọ̀gá Màríà, Ọ̀RỌ̀ NÍPA ÀǸTÍ MI. Mo fẹ́ máa pe Àǹtí ní Màmá ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí mo pè ní Màmá tẹ́lẹ̀, ó kú. Ẹ̀yin ni mo wá ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé ẹ̀yin ò lè kú mọ́. Mo kọ Àǹtí sí ìsàlẹ̀ ológbò kí ikú má baà rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi tí kò bá séwu mọ́. Èmi ni tiyín, Ẹyinjú."

11. Orí báàfù tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo jókòó sí kà á. Mo sunkún títí omi ìfọṣọ fi tutù. N kò bá ọmọ náà sọ ọ́. Mo fọ ẹ̀wù náà, mo lọ̀ ọ́, mo sì dá ìwé rẹ̀ padà sínú àpò bí mo ṣe bá a. Èrò mi nípa ère kò yí padà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà mí mọ́ àwọn tó fẹ́ di Àgùdà. Owú náà kò sì tíì tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi kò lè sọ fún mi láti ọdún mẹ́ta, Màríà ló lọ sọ ọ́ fún.

12. Mo fagi lé ẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ìpínrọ̀ kẹsàn-án, ẹ má sì ka àkọlé òkè sí. Ẹ fi Màríà sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ fi èmi náà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ológbò. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí akọ̀wé kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tèmi, ní lẹ́tà kéékèèké, pé ẹni yìí lè mú ọmọ lọ sílé bí ara rẹ̀ kò bá yá.

13. Ó ku ẹyọ kan. Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbá ilé-ìjọsìn, tí wọ́n sì ń kó ìwé àwọn ọmọ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá bá ti Ẹyinjú lẹ́sẹ̀ ère, kí ó fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìjọ mi kọ́ mi pé Màríà kò lè kà á, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í mọ̀, mo fẹ́ kí ó ráyè kà á dé ìsàlẹ̀, kí ó sì tètè fún ọmọ náà lésì, torí pé mo ń dúró.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù bá mi dé ibí.

Èmi ni tiyín lódodo,

Àǹtí,
Aránṣọ, ìlà tó tẹ̀lé ti ológbò.