Mo Wá Ọ Lójú Òfurufú

Pratoalto, lápá Susa,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì.

Adédùntán ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí ní Padova? Ṣé ara rẹ le, ṣé oúnjẹ ń bá ọ lára mu, ṣé ìwé yẹn kò gba oorun lójú rẹ jù? Bí o bá béèrè èmi náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara mi yá, àfi orúnkún òsì tí ó máa ń ké pè mí bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀. Ọlọ́run tí ó mú ọ kúrò ní Ìgbẹ́tì, tí ó gbé ọ gun bàálù, tí ó sì jẹ́ kí o ránṣẹ́ pe èmi náà wá, kò ní í jẹ́ kí ojú tì wá ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwé tí ò ń kà yóò yé ọ, àwọn tí ń bi ọ́ ní ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ bi ọ́. Àmín.

Mo ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ èyí nítorí pé fóònù kò gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá ti pè ọ́, obìnrin kan ni ó máa ń gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó máa ń yára sọ̀rọ̀. Èmi a kí i, èmi a bi í léèrè ilé àti iṣẹ́, èmi a sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún ọ pé ìyá rẹ pè. Kò dá mi lóhùn rí. Bí ẹ bá jọ ń gbé yàrá ni, bá mi kí i, ṣùgbọ́n sọ fún un pé kò dáa kí wọ́n máa pa fóònù mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu. Ìwọ náà, bí o bá fèsì, kò ju «tutto bene mamma» lọ, pé dáadáa ni gbogbo nǹkan, pẹ̀lú ojú kékeré kan tí ó pọ́n bí ọsàn tó ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń wo ojú yẹn títí. Kò jọ ojú rẹ.

Bàbá Lorenzo tí mo ń tọ́jú ní kí n kí ọ. Ara wọn ń yá díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà báyìí, wọ́n kàn ń da wàràkàṣì lé e lórí ni, mo sì ti dákẹ́ nítorí pé ẹnu tiwọn ni. Wọ́n ní nígbà ọ̀dọ́ wọn, kò sí òkè tí wọn kò gùn ní gbogbo agbègbè yìí. Ní báyìí, wọ́n á jókòó sí iwájú ilé láàárọ̀, wọ́n á fi awò wo orí àwọn òkè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa pe orúkọ wọn bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Ata tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ti so, ṣùgbọ́n kò ta. Ata tí ó ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn lẹ́nu ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti àwọn èèyàn tí ń fò níbí. Nígbà tí òtútù ń tán lọ ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Mo wà nídìí ẹ̀wà tí mo gbìn, mo gbójú sókè, mo rí aṣọ pupa ńlá kan tí ó ń bọ̀ láti orí òkè, èèyàn so rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Àyà mi là gààrà. Mo ní ayé ti sú ọkùnrin yìí, ó ti bẹ́ láti òkè. Mo sáré wọlé mú ìgò òróró, mo ń ké sí Ọlọ́run bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àárín ẹ̀wà mi ló balẹ̀ sí. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo fi òróró sí i níwájú orí, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ohunkóhun tí ayé ìbáà fi ojú rẹ̀ rí, Ọlọ́run wà. Yorùbá ni mo sọ fún un nítorí gbogbo Italiano tí mo mọ̀ ti fò lọ. Ọkùnrin náà dúpẹ́ púpọ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bá mi ya fọ́tò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo tún rí i lókè.

Gbénró ló là mí lóye. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, òun ló ń wa mọ́tò tí ó ń kó wọn gun òkè. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n, wọ́n ń ti Jámánì, wọ́n ń ti Hólàńdì wá, owó ni wọ́n ń san kí àyà wọn lè já. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo ní bí ó bá jẹ́ àyà jíjá ni wọ́n ń wá, kí wọ́n bá mi dé Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Torino, lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tún permesso, ìwé ìgbélùú mi, ṣe. Ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀.

Àwọn olómi tún wà. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Dora lọ́jọ́ kan láti na ẹsẹ̀, mo rí ọkọ̀ rọ́bà kan tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, omi ń hó, ó ń gbé wọn sókè, ó ń jù wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ń ké. Dùntán, omi bọ́ lójú mi. Mo ní àwọn ọmọ wa ti tún dé, Líbíyà ni wọ́n ti sá wá, ta ló wá fi ọ̀nà òkè hàn wọ́n? Mo sáré délé, mo kó kúbùsù Bàbá méjì, mo gbé fíláàsìkì tíì àti búrẹ́dì. Kí n tó padà dé, wọ́n ti gúnlẹ̀, òyìnbó ni gbogbo wọn, irun wọn funfun bí òwú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gba kúbùsù, ó mu tíì mi, ó wá béèrè bóyá ó wà nínú owó tí àwọn ti san. Mo ní kó máa mu ún. Ṣùgbọ́n n kò lè rẹ́rìn-ín bí tiwọn. Mo jókòó ti ọkọ̀ rọ́bà yẹn fún ìgbà díẹ̀, mo ń fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fọláwẹ̀mí pè mí láti Vicenza. O mọ̀ ọ́n, ìyàwó pásítọ̀ tí ó bá mi wá iṣẹ́ yìí. Ó ń kí mi kú oríire, ó ní wọ́n ti fún Dùntán láyè ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, pé ibẹ̀ ni yóò ti di dókítà ìwé. Mo dáhùn bí ẹni pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní a dúpẹ́, mo ní kó bá wa yọ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe mọ́.

Ọmọ mi, nítorí rẹ ni mo fi kúrò nílé. Bí bàbá rẹ ti lọ, kò sí ẹni tí mo tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ní Ìgbẹ́tì. O ní kí n wá, mo wá. Mo rò pé a óò jọ máa gbé ni, pé n óò máa gbọ́ bí o ṣe ń wẹ̀ láàárọ̀. Yàrá rẹ ní Padova kò gba ẹni méjì, iṣẹ́ sì wà níbí, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo ní ilẹ̀ kan náà ṣáà ni a wà. Ilẹ̀ mìíràn wá ni o tún ń lọ, èdè tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀. Mo ń se ọbẹ̀, mo ń gbàgbé iyọ̀. Bàbá Lorenzo tọ́ ọ wò, wọ́n sọ fún ọmọ wọn Ornella pé ọkàn mi kò sí nílé.

Ornella wá lọ́jọ́ Sátidé, ó mú ẹ̀bùn wá fún mi. Mo rò pé aṣọ ni. Ó ní òun ti sanwó kí wọ́n gbé mi fò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fún ọ̀tá rẹ̀. Gbénró ló yí mi lọ́kàn padà. Ó ní bí èèyàn bá dé òkè yẹn, gbogbo ayé ni yóò máa rí. Mo ní Padova ńkọ́? Ó wò mí díẹ̀, ó ní bí ojú ọ̀run bá mọ́, ta ló mọ̀. Mo lọ wá ìbọ̀sẹ̀ mi.

Wọ́n fún mi ní ìwé kí n buwọ́ lù ú pé bí mo bá kú, kò kan ẹnikẹ́ni. Mo kọ Ẹ̀jẹ̀ Jésù síbẹ̀ kí n tó kọ orúkọ mi. Wọ́n béèrè «peso», Gbénró ní bí ẹrù ṣe wúwo tó ni. Mo ní n kò gbé ẹrù, àfi báàgì mi yìí. Ó ní èmi fúnra mi ni ẹrù náà. Wọ́n ní kí n tú gèlè kí akoto lè wọlé, mo ní n kò ní í fi orí òfìfo dé iwájú Ọlọ́run bí ó bá lọ di ọjọ́ ìpàdé, la bá parí rẹ̀ sí ìborí tín-ín-rín. Davide ni orúkọ ẹni tí yóò gbé mi. Wọ́n so mí mọ́ ọn láyà, ẹ̀yìn mi sí i. Mo ní kí Gbénró kọ́kọ́ sọ fún un pé opó ni mí, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni mí. Davide ní òun gbọ́, òun náà sì ní ìyàwó.

Wọ́n ní kí n sáré. Mo wo iwájú, ilẹ̀ ti tán. Mo jókòó. Èmi àti Davide yí gbirigbiri nínú koríko. Wọ́n tún gbé wa dìde, ẹsẹ̀ mi sì ní òun kò lọ. Gbénró wá kígbe láti ẹ̀yìn pé Ìyá Dùntán, ẹ ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin Padova ló fẹ́ gbéra yẹn. Dùntán, mo sáré. Mo sáré débi pé ẹsẹ̀ mi ṣì ń sáré nígbà tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo rò pé ariwo ni yóò wà lókè. Kò sí ariwo. Afẹ́fẹ́ nìkan ni. Ilé wa rí bí páálí ìṣáná, Bàbá Lorenzo wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń ju aṣọ tábìlì funfun sí mi. Davide na ọ̀pá kan síwájú mi tí nǹkan dúdú kékeré wà lórí rẹ̀, mo mọ̀ pé gbohùngbohùn ni bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo fà á mọ́ ẹnu, mo jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe fún mi. Bí mo ti ń jẹ́rìí ni mo rí i. Níbi tí àwọn òkè ti tán, ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, ìlú ńlá kan wà níbẹ̀ tí oòrùn ń tàn sí lára. Mo ní Padova rèé. Mo ju ọwọ́ méjèèjì sókè, mo pè ọ́, mo ní Àjíkẹ́ o, Adédùntán o, ìyá rẹ rèé. Mo fi gbogbo oríkì ilé bàbá rẹ pè ọ́, mo ń wò bóyá ẹnì kan yóò jáde sí ìta.

Davide béèrè ẹni tí mo ń pè. Mo ní ọmọ mi, ó wà ní ìlú yẹn. Ó wá rọra sọ fún mi pé Torino ni, pé Moncalieri ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, pé Padova ṣì wà níwájú níwájú, a óò kọjá Milano, a óò kọjá Verona, a óò kọjá Vicenza. Ni ẹkún bá gbà mí lẹ́nu. Nínú ẹkún yẹn ni mo ti fi Italiano mi tó dà bí àgbàdo yíyan sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé Padova gan-an kò tíì jìnnà tó, Grenoble ni ọmọ mi tún ń lọ, ní ilẹ̀ Faransé, n kò sì mọ ìgbà tí n óò tún fojú kàn án.

Ó fa okùn kan, gbogbo ayé yí. Torino kúrò níwájú mi, àwọn òkè oníyìnyín ló kù. Ó na ọwọ́ kọjá létí mi.

«Signora,» ó ní, «ẹ̀yìn òkè yẹn ni Grenoble wà. Ó sún mọ́ yín ju Padova lọ.»

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ìdí ni mo fi balẹ̀, kò dùn mí. N kò tíì tú akoto tí mo fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Lorenzo, mo bi wọ́n bóyá òtítọ́ ni. Wọ́n na ìka sí òkè náà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa ń gùn ún lọ mu kọfí lódìkejì nígbà tí eékún àwọn ṣì dára. Wọ́n ní ihò wà nínú òkè báyìí tí bọ́ọ̀sì ń gbà kọjá, èèyàn lè jẹun àárọ̀ níbí kó jẹun ọ̀sán ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n wá wò mí lójú, wọ́n ní kí n lọ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí ọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni, pé kí o má lọ. N kò kọ ọ́ mọ́. Máa lọ, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ẹkún mi lo ń sá fún tí o kò fi sọ fún mi. Mo ti sun ún lókè, ó ti tán. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, wá bá mi fún ọjọ́ díẹ̀. N óò di irun rẹ, o lè máa sọ Italiano sí mi tí o bá fẹ́, èmi kàn fẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu rẹ ló ń sọ ọ́. Bá mi ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ àwọn ará wa tí ń tajà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, kí o sì fi nǹkan díẹ̀ sínú fóònù mi, obìnrin yẹn ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àṣé kámẹ́rà ni nǹkan dúdú orí ọ̀pá Davide yẹn, Gbénró ní òun yóò fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá wò ó, ọ̀nà ọ̀fun mi ló pọ̀ jù níbẹ̀, má bínú.

Ilẹ̀ tí o fẹ́ tẹ̀ yẹn yóò gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Èdè wọn yóò rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ibi tí o bá ti kan ilẹ̀kùn, ẹni rere ni yóò ṣí i. O kò ní í ṣàìsàn níbi tí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún ọ, n kò sì ní í sunkún lórí rẹ. Bí o bá dé ọ̀hún, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè ni kí o gbà. Èmi ti yí bẹ́ẹ̀dì mi kọjú sí i láti àná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olúwarẹ̀mí.